Òṣùwọ̀n Èké Nínú Ẹ́ńjìnì: Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́ Ìrẹ́jẹ Ilé-Iṣẹ́ Ńlá?

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ó ń ná ọjà tí kò mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú, tàbí èyí tí wọ́n yọ́ àbẹ́là sí nísàlẹ̀. Ó jọ kóńgò tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà kò pé. Ẹni tí ó ń ra gàrí kò rí ìdí kóńgò. Ẹnu rẹ̀ ni ó ń wò, ó sì rí i pé ó kún dé góńgó. Ìdí tí kò rí yẹn ni ìrẹ́jẹ fara pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá ti lóye kóńgò yìí ti lóye ẹjọ́ ńlá tí ó mi àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ káàkiri àgbáyé láti ọdún 2015. Ohun kan náà ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni wọ́n ti lu ìdí òṣùwọ̀n ti èyí wọlé.

Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì ni. Àwọn àgbà rántí ọkọ̀ rẹ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo, èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ ní ìjàpá. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ ní Èkó. Orúkọ tí ó ní nígbà náà ni pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń tọ́jọ́, àwọn tí ó ṣe é sì mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Orúkọ rere tí àwọn ará ìṣáájú fi òógùn kó jọ yìí ni àwọn ará ẹ̀yìn fi bo irọ́ mọ́lẹ̀.

BÍ ÌRẸ́JẸ NÁÀ ṢE RÍ

Ọkọ̀ tí ń lo epo dísẹ̀lì kì í jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ní àbùkù kan. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní náítírójìn ọ́ksáìdì. Afẹ́fẹ́ yìí ń ta ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń mú kí ikọ́ fée yọ ẹni tí ó ní in lẹ́nu sí i. Bí oòrùn bá sì ràn sí i, a máa lọ́wọ́ nínú kùrukùru burúkú tí ń bo àwọn ìlú ńláńlá. Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin ìwọ̀n tí èéfín ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ EPA, àjọ ìjọba tí ń mójú tó àyíká. Òfin náà sì sọ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun kan pamọ́ sínú ọkọ̀ tí yóò sọ ẹ̀rọ ìdènà èéfín di aláìṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wà á lójú títì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn èéfín náà? Wọn a gbé ọkọ̀ sórí àwọn òpó tí ń yí nínú yàrá àyẹ̀wò. Táyà yóò máa yí, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ìgbà tí yóò sáré, ìgbà tí yóò rọra, àti ìgbà tí yóò dúró, gbogbo rẹ̀ ni ó ti wà nínú ìwé, tí gbogbo àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí dà bí ìgbà tí wọ́n bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè ìdánwò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Volkswagen kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnì. Ètò yìí ń ṣọ́ bí ọwọ́ sítíárìn ṣe wà, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí, bí ó ti pẹ́ tó tí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, àti bí afẹ́fẹ́ àyíká ṣe tẹ̀ sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá bá ti yàrá àyẹ̀wò mu, ètò náà yóò mọ̀ pé ọjọ́ ìdánwò ni, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìdènà èéfín ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sójú títì, yóò dín iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kù. EPA sọ pé afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lójú títì lè tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà. Ẹni tí ó rà á kò mọ̀. Ó gbà pé ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ mọ́ ni òun rà, nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí nígbà tí ó gbà pé òun jẹ̀bi fi hàn pé ní ọdún 2006 ni àwọn alábòójútó iṣẹ́ ẹ́ńjìnì náà ti rí i pé àwọn kò lè ṣe ẹ́ńjìnì tí yóò bá òfin tuntun Amẹ́ríkà mu, tí yóò sì tún wu oníbàárà rà. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú wọn nígbà náà. Èkíní ni kí wọ́n lọ bá ọ̀gá wọn, kí wọ́n ní, "Kò ì tíì ṣeé ṣe." Èkejì ni kí wọ́n purọ́. Èkejì ni wọ́n yàn, ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi rìn lórí rẹ̀ kí àṣírí tó tú.

BÍ ÀṢÍRÍ ṢE TÚ

Kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 2013, àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, ICCT, gbé iṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì West Virginia. Èrò àjọ náà ni pé òfin Amẹ́ríkà le ju ti Yúróòpù lọ, nítorí náà ọkọ̀ dísẹ̀lì tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà yóò mọ́, wọn yóò sì lè fi han àwọn ará Yúróòpù pé ó ṣeé ṣe. Ẹ kíyè sí i: wọn kò jáde láti mú olè. Ẹ̀rí rere ni wọ́n ń wá.

Daniel Carder ni ó ṣe olórí wọn. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n mú: Volkswagen méjì, Jetta àti Passat, àti BMW kan. Wọ́n di ẹ̀rọ tí ń wọn èéfín mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì gbé e kúrò nínú yàrá lọ sójú títì. Wọ́n wa Passat láti Los Angeles lọ sí Seattle, wọ́n sì wà á padà. Ohun tí wọ́n rí kò yé wọn. Afẹ́fẹ́ olóró láti ara Jetta jẹ́ ìlọ́po 15 sí 35 ohun tí òfin gbà. Ti Passat jẹ́ ìlọ́po 5 sí 20. Ṣùgbọ́n BMW wà lábẹ́ òfin nínú ọ̀pọ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Èyí já àwáwí tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe, nítorí ohun tí ọ̀kan lè ṣe, kò yẹ kí èkejì sọ pé kò ṣeé ṣe.

Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Àjọ CARB, tí ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ California, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ó lé ní ọdún kan tí Volkswagen fi ń wí àwíjàre oríṣiríṣi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ó ní òun yóò pe ọkọ̀ tí ó tó ìdajì mílíọ̀nù padà láti tún un ṣe. CARB tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn àtúnṣe, kò sì rí ìyàtọ̀ tí ó tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n ní àwọn kò ní fún un ní ìwé ẹ̀rí láti ta ọkọ̀ ọdún 2016, ẹnu rẹ̀ là: ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni ó jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà ni EPA kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà pé ọkọ̀ mílíọ̀nù 11 ni ètò náà wà nínú wọn káàkiri àgbáyé. Martin Winterkorn tí ó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kan náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò ṣòro. Ẹni tí ó ń ta ọjà kọ́ ni ó yẹ kí ó máa wọn ọjà fún ara rẹ̀. Ìwọ̀n tí ọlọ́jà ti mọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ dídín òṣùwọ̀n kù ti pẹ́ láyé. Súrà kan wà nínú Àlùkùránì, Súrà 83, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Ní àwọn ìlú Mùsùlùmí àtijọ́, ìjọba a máa yan ẹni tí wọ́n ń pè ní muhtasib, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa rìn kiri inú ọjà kí ó máa yẹ ìwọ̀n wò. Àwọn onímọ̀ West Virginia ṣe bí muhtasib nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn jáde sójú títì.

ÌYÀ TÍ WỌ́N FI JẸ WỌ́N

Bí ìyálọ́jà bá mú ẹni tí ó ń lo kóńgò èké, wọn a fọ́ kóńgò náà lójú gbogbo ọjà, wọn a sì mú kí ó dá owó olówó padà. Ṣé wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá yìí?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe é dé ìwọ̀n kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Volkswagen gbà láti ná owó tí ó lè tó bílíọ̀nù 14.7 dọ́là. Nínú rẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù 10 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ra ọkọ̀ náà: ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá a padà kí ó gba owó rẹ̀, pẹ̀lú owó gbà-má-bínú lórí rẹ̀. Bílíọ̀nù 2.7 lọ fún àtúnṣe afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti bàjẹ́, bílíọ̀nù 2 sì lọ fún ètò ọkọ̀ tí kì í yọ èéfín. Adájọ́ Charles Breyer fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti jẹ́wọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn mẹ́ta, ó sì san bílíọ̀nù 4.3 dọ́là sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sùn náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pa ìwé àti àkọsílẹ̀ rẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìwádìí ń bọ̀.

Ní Yúróòpù ńkọ́? Ibẹ̀ ni bí mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ nínú ọkọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn olówó ọkọ̀ ti dúró pẹ́ jù. Àtúnṣe ètò kọ̀ǹpútà ni ilé-iṣẹ́ náà fi lọ̀ wọ́n, kò sọ̀rọ̀ owó. Ọdún 2020 ni ó tó gbà láti san bí 830 mílíọ̀nù yúrò fún àwọn ará Jámánì tí wọ́n kó ara wọn jọ láti pẹjọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ilé ẹjọ́ gíga tí ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú ní Jámánì tó sọ pé ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá a padà kí ó gba owó rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iye tí ìlò rẹ̀ tó kúrò. Ọkọ̀ kan náà, ìrẹ́jẹ kan náà. Ẹni tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ ní eyín rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà kíákíá, ẹni tí òfin tirẹ̀ kò ní eyín dúró dè é fún ọdún márùn-ún. Kì í sì í ṣe pé kò sí àmì tẹ́lẹ̀: ní ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ fún àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kọ ọ́ sínú ìwé pé èéfín ọkọ̀ dísẹ̀lì lójú títì ju ti yàrá àyẹ̀wò lọ púpọ̀. Wọ́n kà á, wọ́n gbé e sílẹ̀.

ÈNÌYÀN NI Ó Ń PURỌ́, KÌ Í ṢE ILÉ

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ nínú ẹjọ́ yìí nìyí. Ilé-iṣẹ́ kò ní ọwọ́ tí ó lè fi kọ ètò èké. Ènìyàn ni ó kọ ọ́, ènìyàn ni ó pàṣẹ rẹ̀, ènìyàn ni ó mọ̀ tí ó dákẹ́. Bí owó ìtanràn nìkan bá ni ìyà, àpò ilé-iṣẹ́ ni yóò ti jáde, ẹni tí ó ṣẹ̀ yóò sì padà sílé jẹun alẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀wọ̀n mẹ̀sìn, tí wọ́n ń de nọ́ọ̀tì mọ́ ọkọ̀, ni ó lè wá pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, James Liang, gba ẹ̀wọ̀n oṣù 40 ní ọdún 2017, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ́wọ́, tí ó sì ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Oliver Schmidt, ọ̀gá kan tí wọ́n mú ní pápákọ̀ òfúrufú Miami, gba ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Winterkorn náà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n Jámánì kì í fa ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ lé orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́wọ́. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ rẹ̀ ní Braunschweig ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àìlera sì dá a dúró. Rupert Stadler tí ó jẹ́ ọ̀gá Audi jẹ́wọ́ ní ọdún 2023. Owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so rọ̀ ni wọ́n fún un, kò wọ ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ Braunschweig dá mẹ́rin lára àwọn ọ̀gá àti onímọ̀ ẹ̀rọ àná lẹ́bi, ó sì ní kí méjì nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún mẹ́wàá ó dín díẹ̀ ni ó ti kọjá lẹ́yìn ìjẹ́wọ́.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Bí ìdájọ́ bá pẹ́ tó báyìí, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì ni ó ń sùn lẹ́wọ̀n nígbà tí ẹjọ́ ẹni tí ó jókòó sí òkè kò tíì parí, kí ni yóò ba ẹlòmíràn lẹ́rù? Ìdáhùn ti wà nínú ìtàn. Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà mú ilé-iṣẹ́ méje tí ń ṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an, lórí ẹ́ńjìnì mílíọ̀nù 1.3, ọ̀rọ̀ náà sì ná wọn ní owó tí ó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Cummins wà lára àwọn méje náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Cummins kan náà gbà láti san bílíọ̀nù 1.675 dọ́là nítorí ètò tí wọ́n fi sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ RAM bí 630,000. Ó ní òun kò gbà pé òun ṣe àìtọ́, ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, kò sí owó ìtanràn ẹjọ́ aráàlú, èyí tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí lábẹ́ òfin afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà. Ọdún 25 ni ó wà láàrin èkíní àti èkejì. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ti ṣírò ìtanràn mọ́ owó òwò kò ní ka ìtanràn sí ìyà mọ́. Owó ọjà ni ó di lójú rẹ̀.

OHUN TÍ ÌDÁJỌ́ ÒDODO Ń BÉÈRÈ

Ohun mẹ́rin ni ìdájọ́ òdodo ń béèrè nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni kí wọ́n dá owó olówó padà, láìjẹ́ pé olówó ní láti gba ilé ẹjọ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkejì ni kí wọ́n tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, nítorí ẹni tí kò ra ọkọ̀ rí láyé rẹ̀, ọmọ kékeré tí ilé ìwé rẹ̀ wà létí títì, fa èéfín náà símú. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n pe ẹni tí ó pàṣẹ ní orúkọ rẹ̀, kí ìyà sì gùn ún gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀ ti ga tó. Ipò gíga kò gbọdọ̀ jẹ́ odi ààbò. Ẹ̀kẹrin ni kí ìwọ̀n kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà. Yúróòpù ti ń ṣe èyí díẹ̀díẹ̀: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni wọ́n ti ń wọn èéfín irú ọkọ̀ tuntun lójú títì, yàtọ̀ sí ti inú yàrá.

Ohun kan sì tún wà tí kò sí nínú òfin kankan. Ètò èké yẹn gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kí ó tó wọ inú ọkọ̀. Ẹnì kan ronú rẹ̀, ẹnì kan kọ ọ́, ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnì kan buwọ́ lù ú. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá ti kọ̀ láìbojúwẹ̀yìn, bóyá ọ̀rọ̀ kì bá tí dé ibi tí ó dé. "Ọ̀gá ni ó ní kí n ṣe é" kò gba Liang sílẹ̀ níwájú adájọ́ Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ìṣirò owó àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò gbé ìwé kan síwájú yín pé kí ẹ buwọ́ lù ú.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó? Ó kàn wá. Ìwádìí tí àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 sọ pé láàrin ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, Áfíríkà sì gba bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ẹni tí ó bá ti dé èbúté Kútọnu rí ti rí i lójú ara rẹ̀ bí tòkúnbọ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ wọ Nàìjíríà. Nínú àdéhùn tí ìjọba Amẹ́ríkà bá Volkswagen ṣe, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tún ọkọ̀ tí ó gbà padà tà, kò sì gbọdọ̀ kó o lọ sí ilẹ̀ mìíràn, àfi bí ó bá kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tí ó kọ gbólóhùn yẹn rántí ẹ̀dọ̀fóró àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣòfin fún wa náà rántí rẹ̀. Ó sì yẹ kí mẹkáníìkì tí ń bọ́ ẹ̀rọ ìdènà èéfín kúrò lára ọkọ̀ oníbàárà láìsọ fún un mọ̀ pé ìdí kóńgò ni òun náà ń lù wọlé.

Ní àkótán, ìrẹ́jẹ kì í di ohun mìíràn nítorí pé ẹni tí ó ṣe é tóbi. Bí ó bá tọ́ kí wọ́n fọ́ kóńgò ìyá tí ń ta gàrí lójú ọjà, ó tọ́ kí wọ́n fọ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ilé rẹ̀ ga dé ojú ọ̀run. Ẹni tí ó bá ń bínú sí ti ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ó kọ́kọ́ lọ sílé lọ yí kóńgò tirẹ̀ dé, kí ó sì wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní òṣùwọ̀n tí ó pé, kí Ó sì fún àwọn tí ń dájọ́ ní ìgboyà láti dá a bákan náà fún ẹni ńlá àti ẹni kékeré.